Fódà Tíṣà Akíntóyè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ọmọ́níyì, ó gbá láptọ́ọ̀pù kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ àìsàn wá sí ọsibítù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsìkàn, l'Àkúrẹ́, ó ń wo inú, kò wọlé. Mo rò pé àwọn kọ̀ǹpútà tí mo tú palẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Gbogbo àwọn tí ẹ ń wò yìí kò kú. Wọ́n ń sùn ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má sọ mí di àgbà."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà, ìyá mi sì ti ń gbààwẹ̀ nítorí ìyàwó tí n kò tíì fẹ́. Ẹ ò ní bá mi wí tí mo bá ní ẹ̀rín yẹn nìkan ti tó fún mi.

Oǹdó ló ti wá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ni láptọ́ọ̀pù náà, Tíṣà Akíntóyè, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lé ní ogún ọdún tí bàbá yìí ti ń kó ọ̀rọ̀ Oǹdó jọ, àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò gbọ́ mọ́: orúkọ oríṣiríṣi òjò, orúkọ ewé, ohun tí wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan lára ilé alámọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti ọ̀nà oko jíjìn dé. Ìwé tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ, ikán jẹ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ọmọ́níyì jókòó tì í, tí bàbá ń pe ọ̀rọ̀ fún un, tí òun sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú bàbá ti ń ṣú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n dáná sun ìyókù tí ikán jẹ.

"Ó ń dún láti ìjẹta," ni Ọmọ́níyì wí. "Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó sì máa ń pẹ́ kó tó tàn."

Mo gbé etí sí i. Dísìkì inú rẹ̀, ibi tí gbogbo fáìlì ń gbé, ló ń kú lọ.

Nínú iṣẹ́ wa, tí dísìkì bá ti ń dún báyìí, ohun tó dára jù ni kí á da gbogbo rẹ̀ kọ sórí tuntun, Windows àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá dé ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún, á kàn dúró. Mo wá ní kí n kúkú gbé Windows tuntun sórí dísìkì tuntun, kí n sì fi ọwọ́ kó fáìlì wọn lọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Windows á máa jánu. Ìwọ kọ́ lo ni eléyìí. O kò ní àṣẹ láti wọ tọ̀hún. Lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, pàǹtí inú Windows fúnra rẹ̀ ni, tí ẹnikẹ́ni kò nílò. Bọ́tìnì kan wà tó ní kó fò ó, àpótí kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí o lè máàkì pé gbogbo irú rẹ̀ tó bá tún yọjú, kó máa fò wọ́n lọ láì bèèrè. Gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí la máa ń máàkì rẹ̀.

Mo máàkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ́níyì ń sọ fún mi nípa ọmọ kan ní kíláàsì rẹ̀ tó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé Oǹdó ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n ní Àkúrẹ́ ni, ọmọ náà fárí gá, ó ní ìyá-ìyá òun kò lè purọ́ fún òun.

"Ẹ fún un ní máàkì rẹ̀," ni mo wí. "Ìyá-ìyá rẹ̀ ló kùnà."

"Mo fún un ní ìdajì. Nítorí àìfojú di àgbà."

Mò ń rẹ́rìn-ín. N kò wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé agùnbánirọ̀ kan ti gbé ilé Tíṣà rí, ó sì ti ti fódà ìwé náà pa fún bàbá, kí àwọn ọmọ-ọmọ má baà bà á jẹ́. Ó yọ àṣẹ gbogbo ènìyàn kúrò lórí rẹ̀ àfi orúkọ Akíntóyè nìkan. Ká ní mo rí i ni, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo máa sọ fódà náà di tèmi, mo máa fún ara mi láṣẹ, mo máa kó o. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má bi mí léèrè mọ́, kò sì bi mí.

Mo tún ní àṣà kan tó máa ń wú mi lórí. Tí mo bá ti kó ẹrù oníbàárà tán, mo máa ń nu dísìkì àtijọ́ lójú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé n kò fi àṣírí rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ mi. Mo máa ń nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, débi pé ẹni tó bá gbọ́n ju ayé lọ kò ní rí ohun kankan gbà padà níbẹ̀.

"Ṣé kí n nù ún?"

"Ẹ nù ún," ni Ọmọ́níyì wí. "Bàbá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á kí wọ́n tó fi tẹ̀wé."

Mo tẹ bọ́tìnì náà. Mo rò pé mò ń fi han arẹwà obìnrin pé olóòótọ́ ènìyàn ni mí.

Ní ọjọ́ kẹta, nínú oṣù kẹta ọdún, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n Fimíhàn, gbogbo nǹkan ló pé. Fódà Bàbá náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí i, òfìfo ni."

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo rí àpótí kékeré yẹn lójú mi bí ẹni pé ó wà níwájú mi.

Ó yẹ kí n sọ fún un níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní: "Ẹ má ṣe ìyọnu. Àṣẹ ló ń dà wá láàmú. Àwọn fáìlì wà níbẹ̀, Windows ló fi wọ́n pamọ́. Màá wá sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, màá ṣí i."

Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn, nínú ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti dókítà.

Mo lọ ní Sátidé yẹn, mo lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo máa ń wọ mọ́tò ní Àkúrẹ́ láàárọ̀, màá gba Ọ̀wẹ̀nà kọjá, kó tó di agogo mẹ́wàá màá ti wà ní pálọ̀ Tíṣà Akíntóyè pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí orúnkún. Mo ti ra oríṣi ètò mẹ́rin tó ń wá fáìlì tó sọnù. Mo fi gbogbo wọn wá inú dísìkì àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí nǹkan kan. Mo ti nù ún dáadáa, iṣẹ́ mi kì í ní àbùkù.

Bàbá fẹ́ràn mi. Ẹ̀ngíníà ló ń pè mí. Òjìji nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ṣáṣá. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ará Àkúrẹ́ kò lè pe ilé ní ilé, ulé la máa ń pè é. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, bí ọmọdé tó ń fi ohun ìṣeré hàn. Orúkọ òjò tó ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn. Orúkọ òjò tó kàn pa eruku mọ́lẹ̀ tó sì lọ. Mò ń gbọ́, mò ń mi orí. N kò kọ ìkankan sílẹ̀.

Ọmọ́níyì á gbé iyán wá. Lẹ́yìn oúnjẹ, á sin mí dé gáréèjì. Láàárín ilé wọn sí gáréèjì yìí ni ìfẹ́ wa ti dàgbà. Ní oṣù kẹrin ló kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú. Ní oṣù karùn-ún ló pè mí ní Fimí.

"Fimí tèmi," ló wí lọ́jọ́ kan, "tí kọ̀ǹpútà yẹn bá ṣí, ṣé o ò ní sọ pé iṣẹ́ ti parí, kí o má wá mọ́?"

"Níyì, ìwọ ni mò ń wá bá."

"Èmi náà ti fura. Ta ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Tèmi kò dé inú.

Nínú oṣù karùn-ún yẹn kan náà ni ohun tó ń jí mi lójú oorun títí di òní ṣẹlẹ̀. Bàbá Akíntóyè ní kí Ọmọ́níyì dúró, kó gbọ́.

"Ẹ̀ngíníà," ló wí, "mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí. Tí nǹkan náà bá le, ẹ má fi pa ara yín. Gbogbo rẹ̀ wà nínú orí mi níbí. Kí Ọmọ́níyì gbé bébà wá, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹnu ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Ọmọ́níyì wò mí. Ó ti fẹ́ dìde. Ká ní mo dákẹ́ lásán ni, ì bá ti tó.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ wàhálà," ni mo wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é fún ogún ọdún, ẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ó máa ṣí. Ó kù díẹ̀."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ju pé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí mi bí ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n là.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Ẹni tó ni iṣẹ́ ló mọ iṣẹ́." Ọmọ́níyì padà jókòó.

Nígbà tó di oṣù keje, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí. Babájídé, ẹ̀gbọ́n Ọmọ́níyì ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Àkúrẹ́ níbí, kò fẹ́ mi rárá. Ó ní òun ti gba ojú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, òun kò rí ohun tí ọmọ bàbá òun máa jẹ níbẹ̀. Bàbá ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní òun kò gba ẹrù ìdána kankan lọ́wọ́ mi.

"Kó ṣí ìwé mi, kó bá mi tẹ ẹyọ kan síta, kó gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. N kò lè kà á. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó."

Wọ́n dá ọjọ́ sí Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá. Ọmọ́níyì fi ojú bá mi rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi yíjú, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà rí i.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá ní ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹjọ, níbi tó ti ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí kò bọ́. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n sì kú pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó dá ohùn mi mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀n. Ẹ̀n." Gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nìyẹn.

Ọmọ́níyì fà mí jáde sí kọ́rídọ̀. Ó fi orí lé mi láyà, ó sunkún títí ṣẹ́ẹ̀tì mi fi tutù. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní: "Fimí, jọ̀ọ́. Ìwé yẹn ni ẹnu Bàbá báyìí. Bí o bá fẹ́ràn mi, bá mi ṣí i."

"Màá ṣí i," ni mo wí. Ọlọ́run gbọ́ mi níbi tí mo ti wí i.

N kò tilẹ̀ rù nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ ń wọlé, oorun ń kùn mí, mò ń tún kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ṣe. Àfi ìyá mi tó ń wò mí ní gbogbo ìgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí a lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Oǹdó, ó ń ká aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sínú báàgì, mo sì jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò lọgun. Ó yọ aṣọ náà kúrò nínú báàgì, ó fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"N kò ní gbé ẹsẹ̀ mi wọ ulé tí a ti parọ́ fún," ló wí. "Lọ sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá ṣì ní ká wá, màá wọ aṣọ yìí."

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ́níyì wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ bàbá rẹ̀.

"Níyì, kò sí fáìlì kankan."

"Níbo?"

"Nínú fódà Bàbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo fò ó nígbà tí mò ń kó ẹrù yín, mo sì nu ti àtijọ́ lójú rẹ."

Ó sá ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ tán, ó fà á kó tọ́.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o pè mí."

"Oṣù kẹta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé ní oṣù karùn-ún, nígbà tí Bàbá ní kí n gbé bébà wá, o ti mọ̀."

Mò ń wo ṣẹ́ẹ̀tì tó sá sórí okùn.

"Mò ń bi ọ́ léèrè, Fimí."

"Mo ti mọ̀."

Mo dúró de ìbínú. Mo dúró de igbá omi, kó dà á lé mi lórí. Ó kàn nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. "Wá sọ ọ́ fún un," ló wí.

Bàbá Akíntóyè jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lápá ọ̀tún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan sìmẹ́ǹtì, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ ti àpótí kékeré tí mo máàkì. Mo sọ ti dísìkì tí mo nù. Mo sọ pé ọjọ́ tí ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́, èmi ni mo dá a dúró.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí àga ń dún. Bàbá ń gbìyànjú láti jókòó dáadáa. Ó na ọwọ́ òsì sí ibi tí Ọmọ́níyì wà, ó ń fi ìka kọ nǹkan sínú afẹ́fẹ́. Kò yé mi. Ó yé Ọmọ́níyì. Ó sáré wọ yàrá, ó gbé ìwé kíláàsì rẹ̀ kan jáde àti bíró, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá, ó ṣí ojú ewé kan tí a kò kọ nǹkan sí.

"Mo ti wà níbí, Bàbá," ló wí. "Ẹ máa wí."

Ó ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe le. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ náà, ó sún mọ́ ọn, ó tún yẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀n," ló wí. Ó mí sókè. "Ẹ̀n. Ẹ̀n." Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ọmọ́níyì kò gbé bíró kúrò lójú ìwé. Ó tó ìdajì wákàtí tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, èmi sì wà lórí sìmẹ́ǹtì, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Nígbà tó rẹ bàbá, ó gbé orí sẹ́yìn, ó pa ojú dé. Omi ń ṣàn ní ojú tí kò ríran náà. Ọmọ́níyì pa ìwé dé. Kò sí ohun tí a kọ síbẹ̀.

Ó sin mí dé gáréèjì bó ṣe máa ń ṣe. A kò di ọwọ́ ara wa mú. Níbi tí àwọn dírẹ́bà ti ń pe èrò Àkúrẹ́, mo yíjú sí i.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Níyì. N kò purọ́ ìyẹn."

"Mo mọ̀," ló wí. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sìn ọ́ débí. Tó bá jẹ́ pé o sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo pè ọ́, ǹ bá bínú, ǹ bá sunkún, nígbà tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè ǹ bá gbé bébà jókòó ti Bàbá. Oṣù márùn-ún gbáko la ní, Fimí. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ fún oṣù márùn-ún."

"Dárí jì mí."

"Màá dárí jì ọ́. Ó máa pẹ́, ṣùgbọ́n màá ṣe é. Mi ò kàn lè fẹ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ní ẹ̀n, màá máa wo ojú rẹ."

Dírẹ́bà ní ó ku ẹnì kan. Mo wọlé. Ọmọ́níyì ti ilẹ̀kùn mọ́tò fún mi, ó gbé ojú sún mọ́ fèrèsé.

"Tí o bá dé," ló wí, "má pè mí pé o ti dé."

A kọjá Ọ̀wẹ̀nà nígbà tí òjò ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn. Bàbá ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi rí, mo wá a nínú orí mi títí a fi dé Àkúrẹ́, n kò rí i. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìsìkàn, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé, mo bá ìyá mi níbi tó jókòó sí tó ń retí mi. Mo ti dé. N kò pe Níyì.